Ta Ni A Ń Pa Àṣírí Mọ́ Fún?

  

Àpótí pákó kékeré kan wà nínú yàrá tí àwa obìnrin ti ń ṣe àsàlátù ní ọjọ́ Àìkú ní ìlú Minna tí mò ń gbé. Ó ní kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ náà wà láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti fi mí ṣe olùkọ́ àwọn ìyá. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè nípa àdínì, tí ojú sì ń tì í láti béèrè láàárín àwùjọ, yóò kọ ọ́ sínú ìwé láìfi orúkọ sí i, yóò ká a, yóò sì jù ú sínú àpótí. Èmi yóò ṣí i, n óò kà á sókè, n óò sì dáhùn níwọ̀n ìmọ̀ tí Ọlọ́hun fún mi. Ìbéèrè nípa àlùwàlá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, nípa gbèsè tí ọkọ kò mọ̀ sí, nípa orogún méjì tí wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná kan, gbogbo rẹ̀ ni ó ti jáde láti inú àpótí yẹn.

Kò ju oṣù méjì lọ tí mo fi rí i pé àpótí náà kò bo àwọn ènìyàn tó bí wọ́n ti rò. Olùkọ́ ni mí; ìwé àwọn ọmọ tí mò ń wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò níye, ọwọ́ ìkọ̀wé sì ti di ojú ènìyàn fún mi. Ẹni tí ó máa ń kọ lẹ́tà “g” bí ìwọ̀ ẹja, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kì í fi àmì sí abẹ́ “ẹ” àti “ọ”, mo mọ̀ ọ́n. Wọn kò kọ orúkọ, àmọ́ ọwọ́ wọn kọ ọ́ fún wọn. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, nítorí gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ṣùgbọ́n ìbá dára bí mo bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ inú àpótí yẹn dáadáa kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ dá lílo Twitter dúró ní Nàìjíríà, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní yàrá àwọn olùkọ́ ilé-ìwé wa, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò lè gbé láìsí Twitter bẹ̀rẹ̀ sí fi ohun tí wọ́n ń pè ní VPN sórí fóònù ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi sórí tèmi náà. Ó ní bí n bá ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ohun tí mò ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò kọ́kọ́ gba inú ẹ̀rọ kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì níí mọ ibi tí mò ń lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní Holland ni mo wà. Ẹ̀rín pa mí. Àwọn àgbà wa tí wọn kò tíì gba àdínì a máa sọ̀rọ̀ nípa àféèrí, èyí tí ènìyàn yóò lò tí ojú kò níí rí i mọ́. A kò gba irú rẹ̀ gbọ́, àmọ́ bí àféèrí ni mo ṣe rí VPN yẹn ní ọjọ́ náà.

Láàárín oṣù yẹn ni arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa dúró dè mí lẹ́yìn àsàlátù. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì ti yí àwọn nǹkan tí a lè fi dá a mọ̀ padà. Mo jù ú lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí.

“Àǹtí,” ni ó wí, “ìbéèrè kan wà tí n kò lè jù sínú àpótí. Ẹ máa mọ ọwọ́ mi.”

Ojú tì mí. Ó ti mọ̀ pé mo máa ń mọ̀.

Ohun tí ó fẹ́ kà nípa rẹ̀ ni khul‘, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí òfin ẹ̀sìn wa là sílẹ̀ fún obìnrin láti bọ́ kúrò nínú ìgbéyàwó nípa dídá sàdáàkì ọkọ padà. Ó ní òun kò tíì pinnu ohunkóhun. “Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bi mí léèrè ohun tó fà á.” N kò béèrè. Ìbá tọ́ kí n jókòó tì í, kí n ṣàlàyé fún un láti inú ìwé fíkíhì tí ó kún ilé mi, nítorí ohun tí mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ fi ojú òun kà á, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, àwa náà sì mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ènìyàn fẹ́ dá gbọ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi VPN sí i, mo fi bọ́tìnì hàn án, mo sì sọ fún un pé, “Kò sí ẹni tí yóò mọ̀.”

Ọkọ rẹ̀ ni ó ra fóònù yẹn fún un. Nígbà tí ó rà á, òun náà ni ó ṣí i, àkáǹtì í-meèlì tirẹ̀ ni ó sì fi ṣí i, èyí kan náà tí ó wà lórí fóònù tirẹ̀. Ohunkóhun tí ìyàwó rẹ̀ bá wá, inú àkáǹtì yẹn ni ó ń lọ jókòó sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá náà fẹ́ wo iye tí wọ́n ń ta bátìrì ọkọ̀, ó tẹ ibi tí a ti ń wá nǹkan, gbogbo ohun tí ẹnì kejì ti wá sì tò kalẹ̀ níwájú rẹ̀: khul‘, dídá sàdáàkì padà, oṣù tí obìnrin yóò fi jókòó lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, ta ni yóò mú àwọn ọmọ. VPN wà lórí fóònù ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìṣẹ̀.

Kò pariwo. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó pè. Ó ní obìnrin tí ó ń wá ọ̀nà àbájáde lóru ti jáde tán. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, arábìnrin wa ti wà ní ilé àwọn òbí rẹ̀ ní ìhà Ìwó, òun àti àbíkẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjì tí ó dàgbà wà lọ́dọ̀ bàbá wọn, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní kíláàsì mi. Ọmọ náà kò mọ̀ pé èmi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní àràárọ̀ ni ó máa ń kí mi.

Ohun tí ó wà láàárín tọkọtaya náà kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, n kò níí kọ ọ́ síhìn-ín.

Àwọn òǹkàwé kan yóò bi mí pé kí ni ó kàn mí láti ran aya lọ́wọ́ kí ó fi nǹkan pamọ́ fún ọkọ rẹ̀. Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀, fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí ó fi ọkàn mi balẹ̀ ni ìtàn Khawlah ọmọ Tha‘labah, tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Sūratul-Mujādilah. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni ó gbé wá bá Ànábì. Àìṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, wà nínú ilé kan náà, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé apá kan ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kò ta sí òun létí. Ọlọ́hun gbọ́ ọ láti òkè sánmọ̀, ẹni tí ó wà nínú yàrá kan náà kò gbọ́ ọ tán. Nítorí náà, n kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí obìnrin fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni pé mo ṣe ìlérí lórí ohun tí n kò mọ̀.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ní Tunga. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ó ń sá fún?”

Mo ní kò sá fún ẹnikẹ́ni.

“Ta ni kò fẹ́ kó rí i, nígbà náà?”

Mo ní àwọn ará ilé rẹ̀.

“Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹ wá dí lójú. Ẹ fi ilẹ̀kùn irin sí ẹnu géètì, olè sì ti wà nínú yàrá.” Mo ní kó má pe ọkọ ọlọ́kọ ní olè. Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 lọ́dọọdún ń padà bọ̀ sí mi lọ́kàn. Nínú Sūratun-Nūr, āyah 27 àti 28 sọ nípa ilé ẹlòmíràn: a kò gbọdọ̀ wọlé láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di āyah 58, inú ilé ẹni ni ọ̀rọ̀ dé. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bàlágà àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde ní gbogbo ọjọ́, gbọ́dọ̀ gbàṣẹ ní ìgbà mẹ́ta: kí ìrun Àsùbáà tó kí, ní ọ̀sán tí a bá bọ́ṣọ sílẹ̀, àti lẹ́yìn ìrun Íṣáì. Àlejò, ilẹ̀kùn ìta ni yóò dá a dúró. Ọmọ ilé ti kọjá ilẹ̀kùn ìta, aṣọ títa yàrá ni ó wà fún tirẹ̀. Ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ti ń kọ́ni ní āyah wọ̀nyí, n kò sì mọ̀ pé wọ́n kan fóònù ọwọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà, lọ́dọ̀ àbúrò mi àti nínú kíkà tèmi, nítorí ó dá mi lójú pé irú arábìnrin yẹn pọ̀ nínú àwọn ilé tí ìwé ìròyìn yìí ń wọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kan ni ẹ kò fẹ́ kó rí ohun tí ẹ kà, ohun tí ó wúlò jù kò níye lórí rárá: kí àkáǹtì orí fóònù yín jẹ́ tiyín, kí nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí i jẹ́ èyí tí ẹ dá mọ̀. Àwọn fóònù ní fèrèsé ìkọ̀kọ̀ kan, tí Chrome ń pè ní Incognito, tí Firefox ń pè ní Private. Bí ẹ bá pa fèrèsé náà dé, àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ lọ kò níí sí lórí fóònù náà mọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì lè mọ ojú òpó tí ẹ lọ, ojú òpó náà sì rí yín. Ọ̀pọ̀ kò mọ èyí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé Google lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2020 nítorí pé ó ń gba ìsọfúnni nípa àwọn tí wọ́n rò pé Incognito ti bò wọ́n. Ní ọdún 2024 ni Google gbà láti pa ẹgbàágbèje àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé bí ẹ bá fi orúkọ yín wọ àkáǹtì nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀, ẹ ti sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Bí ìdí bá sì wà láti rò pé ẹnì kan ti fi nǹkan sórí fóònù yín láti máa ṣọ́ yín, kò sí fèrèsé tí yóò gbà yín níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ibòmíràn, tàbí fóònù ọ̀rẹ́ tí ẹ fọkàn tán, ni kí ẹ lò.

Bí mo bá ti mọ ohun tí ó wà nínú ìpínrọ̀ kan yìí ní ọdún 2021, arábìnrin wa kò bá má dé Ìwó.

VPN ní tirẹ̀, ẹni tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ yín lọ ni ó wà fún. Ẹ wà ní pápákọ̀ òfuurufú, ní hòtẹ́ẹ̀lì, ní ilé-ìwé, ẹ sì ń lo Wi-Fi wọn. Ọ̀pọ̀ ojú òpó òde òní ń ti ọ̀rọ̀ inú wọn pa, èyí tí ẹ máa ń rí gẹ́gẹ́ bí HTTPS, nítorí náà ẹni tí ó ni Wi-Fi kò lè ka ohun tí ẹ kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mọ orúkọ ibi tí ẹ lọ. VPN yóò bo ìyẹn mọ́ ọn lójú. Àmọ́ kò bò ó mọ́ ẹni tí ó ni VPN lójú. Ńṣe ni ó dàbí ìgbà tí a kò fẹ́ kí ọmọ ìta rán wa níṣẹ́ mọ́, tí a wá gbé lẹ́tà fún ọmọ ilé kejì: ẹnì kan ṣì ń gbé e lọ. Ní ọdún 2013, Facebook ra ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Onavo. VPN Onavo yìí, tí wọ́n polówó fún ará ìlú gẹ́gẹ́ bí ààbò, ni Facebook fi ń mọ àwọn áàpù mìíràn tí ènìyàn ń lò lórí fóònù wọn. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò níbi tí Apple ti ń pín áàpù, lẹ́yìn tí Apple ní ó lòdì sí òfin àwọn. Ó kógbá sílé ní ọdún 2019. Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yìí ni mo ti yọ VPN ọ̀fẹ́ tèmi kúrò. Ẹni tí ó bá ní òun yóò máa ṣọ́ ẹrù wa lọ́fẹ̀ẹ́, ó yẹ kí a bi í ohun tí ó ń jẹ.

Èyí tí ó wù mí jù láti ronú lé lórí, bí n kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, ni Tor. Nínú ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990 sí 1999. Ní ọdún 2002 ni ó jáde fún ará ìlú, láti ọdún 2006 ni ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti èrè jíjẹ sì ti ń bójú tó o. Àlùbọ́sà ni wọ́n fi ṣe àpèjúwe rẹ̀. Fóònù yín yóò wé ìbéèrè yín ní ìpele mẹ́ta, yóò sì fi ránṣẹ́ gba inú ẹ̀rọ mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀rọ kìíní bó èèpo kan, ó mọ ibi tí ẹ ti wá, kò mọ ibi tí ẹ ń lọ. Èkejì kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ̀kẹta mọ ibi tí ẹ ń lọ, kò mọ ẹni tí ẹ jẹ́. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní gbogbo ìtàn náà lọ́wọ́, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti VPN nìyẹn. Akọ̀ròyìn tí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún un lè kú bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, irú rẹ̀ ni Tor tọ́ sí. Ó ń falẹ̀, kò sì yẹ fún fídíò. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ ẹ̀bùn Ìtúnu Ààwẹ̀ tí ó fẹ́ rà fún un kò nílò rẹ̀.

Òun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní ọdún 2007, ọkùnrin ará Sweden kan, Dan Egerstad, fi ẹ̀rọ tirẹ̀ márùn-ún ṣe ẹ̀rọ ìkẹyìn nínú Tor, ó sì jókòó ó ń wo ohun tí ń kọjá. Páàsíwọ́ọ̀dù í-meèlì àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba oríṣiríṣi ni ó ń rí. Nǹkan bí 100 ni ó tẹ̀ jáde. Tor ti bo ẹni tí wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pa, orúkọ wọn sì wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Harvard. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2013, kò fẹ́ ṣe ìdánwò, ó fi í-meèlì ránṣẹ́ pé bọ́ǹbù wà nínú àwọn ilé kan ní ọgbà. Ó lo Tor, ó tún lo í-meèlì tí kì í bèèrè orúkọ. Ṣùgbọ́n Wi-Fi ilé-ìwé ni ó fi wọ inú Tor. Ilé-ìwé wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti rí ẹni tí ó wọ Tor ní àkókò yẹn, wọ́n lọ bá a, ó sì jẹ́wọ́. Ohun ìbòjú rẹ̀ gan-an ni ó tọ́ka sí i, nítorí àwọn tí ó wọ irú rẹ̀ ní ọgbà lọ́jọ́ yẹn kò pọ̀.

Ti ọ̀rọ̀ ìfiránṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Láti ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò gbà á, ilé-iṣẹ́ náà kò lè kà á. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yín wà lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ jọ wà nínú gúrúùpù, láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba sì ti ní kí á so nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ NIN, nọ́ńbà fóònù ti di orúkọ àti àwòrán wa. Signal náà ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, àmọ́ láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni ó ti fàyè gba kí á fún ènìyàn ní orúkọ tí a dá sọ ara wa dípò nọ́ńbà. Telegram kì í ti ọ̀rọ̀ pa bẹ́ẹ̀ àyàfi bí a bá dìídì yàn án. Àwòrán náà ń sọ̀rọ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, John McAfee, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ áàpù tí ń pa kòkòrò kọ̀ǹpútà, ń sá fún àwọn ọlọ́pàá Belize, ìwé ìròyìn Vice gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, ibi tí wọ́n ti yà á ní Guatemala sì wà nínú fọ́tò náà bí òǹtẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn bàbá wa yóò sọ. Wọn yóò ní kí ni ọmọlúàbí ń fi orúkọ pamọ́ fún. Òótọ́ ni pé àìforúkọhàn ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa bú ara wọn bí ẹni bú ẹran lórí fóònù, irọ́ tí wọ́n pa mọ́ Àìṣà ìyá wa sì kọ́kọ́ rìn láti ẹnu dé ẹnu láìsí ẹni tí ó jẹ́ kí á mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni ó ti ṣẹ̀. Kirāman Kātibīn kò sì nílò nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ fún wa nípa Zaynul-‘Ābidīn, ọmọ ọmọ Alíyù, tí ó máa ń gbé ìyẹ̀fun lé ẹ̀yìn lóru lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn aláìní Madīnah. Wọn kò mọ ẹni tí ń gbé e wá. Ìgbà tí ó kú, tí oúnjẹ òru dáwọ́ dúró, tí wọ́n sì rí àpá ẹrù lẹ́yìn rẹ̀ nígbà ìwẹ̀ òkú, ni wọ́n tó mọ̀. Āyah 12 nínú Sūratul-Hujurāt sì ti kọ amí ṣíṣe fún wa. Òfin orílẹ̀-èdè wa náà gbà bẹ́ẹ̀: abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù ọmọ Nàìjíríà, ọdún 2023 ni òfin ààbò ìsọfúnni tún dé.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, àwọn àgbà láti ìhà méjèèjì bá àwọn tọkọtaya náà sọ̀rọ̀, arábìnrin wa sì padà sílé. Alhamdulillāh. Èmi fúnra mi lọ bá ọkọ rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ fún un pé èmi ni mo fi nǹkan yẹn sórí fóònù. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Àǹtí, kí ló dé tí kò lè bi mí?” N kò ní èsì. Fóònù tí ìyàwó rẹ̀ ń lò nísinsìnyí, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi owó ọjà rẹ̀ rà á, àbúrò mi ni ó sì bá a ṣí àkáǹtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Nígbà tí mo pè é láti gba àṣẹ lórí ohun tí mò ń kọ yìí, ó ní, “Ẹ kọ ọ́, Àǹtí. Ẹ ṣáà má kọ ìdí tí mo fi fẹ́ mọ̀.”

Àpótí náà ṣì wà. Mo ti ní kí wọ́n máa fi lẹ́tà ńlá kọ ìbéèrè, kí gbogbo rẹ̀ lè jọra, búlúù nìkan ni báírò tí mo sì so mọ́ ọn. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, mo ṣí i, mo rí ìwé mẹ́fà. Márùn-ún wà bí mo ti wí. Ẹ̀kẹfà, ànjẹ̀mí ni, Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, ó tò gbọọrọ láti ọ̀tún sí òsì. Ẹni tí ó kọ ọ́ rò pé òun ti bo ara òun dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè kà á. Ṣùgbọ́n nínú àwa ogójì obìnrin tí ó wà nínú yàrá yẹn, ìyá méjì péré ni ó mọ ànjẹ̀mí kọ, ọ̀kan nínú wọn sì ti lọ sí Ìlọrin láti ọjọ́ mẹ́rin.

Mo kà á sókè gẹ́gẹ́ bí mo ti ka àwọn márùn-ún yòókù. Mo dáhùn rẹ̀. N kò gbójú sókè wo ìhà ibi tí àwọn ìyá àgbà máa ń jókòó sí títí a fi ṣe àdúà ìparí.